Ikùn màlúù tó wú lẹ́yìn èèpo gbáàgúdá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà ẹran. Ẹ ní ikùn àwọn akọ màlúù yín wú, ìgbẹ́ wọn sì ń ṣàn, lẹ́yìn tí ẹ mú wọn kúrò lórí koríko bọ́ sórí èèpo gbáàgúdá àti àgbàdo lílọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin màlúù ní agbègbè Kétu níbí, irú èyí ti pa ẹran lójú mi. Oúnjẹ yẹn kò burú o, kíkánjú ló dá a sílẹ̀.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ṣàkì, ìyẹn ikùn àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí màlúù ní, ló ń da koríko fún un, ara rẹ̀ kò lè dá a ṣe. Ìran wọn tó ń jẹ koríko yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ ìyẹ̀fun. Bí ìyẹ̀fun inú èèpo àti àgbàdo bá ya wọlé lójijì, irú kòkòrò tó ń jẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní Streptococcus bovis á pọ̀ sí i láàárín wákàtí díẹ̀, inú ṣàkì á kan gan-an, àwọn tó ń da koríko á sì máa kú. Àwọn kòkòrò tí ì bá jẹ kíkan náà tán kò tíì pọ̀ tó.

Ẹ ki ẹ̀ṣẹ́ bọ ibi tó jìn díẹ̀ lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn lápá òsì. Ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí ṣàkì yí lábẹ́ ọwọ́ yín bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá dákẹ́, tí ẹran kò sì jẹ àpọ̀jẹ, ẹ kó èèpo àti àgbàdo kúrò, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la.

Tí wọ́n bá gbádùn tán, díẹ̀díẹ̀ ni o: èèpo tó ti gbẹ dáadáa lóòrùn, nítorí májèlé inú rẹ̀, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Koríko tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ láàárọ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀ rárá.

Ní ti ọmọ màlúù yín tó ṣì ń mu ọmú, ẹ má fi èèpo lọ̀ ọ́. Wàrà kì í gba inú ṣàkì, ó ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ sínú ikùn kẹrin. Ara ìyá rẹ̀, koríko àti ilẹ̀ ló ti ń kó kòkòrò tirẹ̀. Irun tí ẹ máa ń rí lára ṣàkì lọ́dọ̀ alápatà, oúnjẹ líle tí kòkòrò bá dà ló ń mú un hù. Ẹ jẹ́ kó máa gé koríko tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta kí ẹ tó já a lẹ́nu ọmú.