Tẹlifíṣọ̀n Yín Ò Bàjẹ́, Ìyá Ìbejì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Onífọ́tò. Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá àwọn ìbejì mi níbi tí wọ́n ti ń wo fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Sin City. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, àfi aṣọ obìnrin kan tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo ní tẹlifíṣọ̀n wa ti kọṣẹ́, mo sì ránṣẹ́ pe ẹni tó máa tún un ṣe. Àwọn ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà, pé inú kọ́míìkì ni wọ́n ti mú un jáde. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ọmọ ọdún 13 sì ni wọ́n, ṣé kò burú?
Ìyá Ìbejì, Yàbá, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ẹ ní kí ẹni tó ń bọ̀ wá tún un ṣe má wulẹ̀ wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ká mi lára jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ó burú. Ìpànìyàn inú rẹ̀ pọ̀ jù, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú ọmọdébìnrin rí níbẹ̀ kò sì yẹ kí ọmọ wò. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ dá wọ ilé sinimá lọ wò ó. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ rántí Atọ́ka, ìwé eré tí àwọn òṣèré wa máa ń wà nínú fọ́tò dúdú àti funfun, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn? Ẹ yọ fọ́tò kúrò, ẹ fi àwòrán àfọwọ́yà dípò, kọ́míìkì nìyẹn. Ní 1991 ni Frank Miller bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Sin City jáde. Tádàwà ló fi yà á: ibi tí iná bá dé funfun báláú, ibi tí iná ò dé dúdú kirikiri. Bí òjò bá ń rọ̀, ìlà funfun lásán lẹ máa rí tó ń gé òkùnkùn sí wẹ́wẹ́.

Miller ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù. Robert Rodriguez, olùdarí fíìmù, ló pè é wá sí Texas ní Amẹ́ríkà, tó ya ìran obìnrin aláṣọ pupa yẹn ṣáájú, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé wọn ò ní ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó rí i, ó gbà, àwọn méjèèjì sì jọ darí rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùdarí fíìmù ní òfin àwọn kò gba orúkọ méjì bẹ́ẹ̀, Rodriguez fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Ọdún 2005 ni fíìmù náà jáde.

Níwájú ògiri aláwọ̀ ewé ni àwọn òṣèré ti ṣeré. Kọ̀ǹpútà ló kó ilé àti títì sẹ́yìn wọn. Tàwọ̀tàwọ̀ ni kámẹ́rà yà á, ẹ̀yìn náà ni wọ́n fa àwọ̀ yọ, tí wọ́n fi ìba díẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin burúkú kan wà níbẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kùn ún lára, kí kọ̀ǹpútà lè yà á sọ́tọ̀ kó tó wá pa àwọ̀ rẹ̀ dà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ìyàwó tuntun kan ní ká bá òun kun ètè òun nínú fọ́tò. Ọ̀gá mi wé òwú mọ́ igi ìṣáná, ó rì í bọ inú àwọ̀ pupa, ó fi kan ètè náà lẹ́ẹ̀kan péré. Mo nawọ́ sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi: “Tó o bá kun ìyẹn, ta ni yóò wo ètè?” Nínú ìran tẹ́ ẹ rí yẹn, ọkùnrin kan ṣáná sí sìgá obìnrin náà, ẹyinjú obìnrin náà sì di aláwọ̀ ewé, kíá ló tún pa dà. Bí mo ṣe rí i, ọ̀gá mi ni mo rántí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, mo ya eré ọlọ́ṣà kan, mo fa àwọ̀ rẹ̀ yọ lórí kọ̀ǹpútà, ó wá rí bí eérú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?
Ọmọ Òkè Àró, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, iná rẹ ló pọ̀ jù. Pa gbogbo rẹ̀, fi ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú òṣèré, kí ìdajì ojú rẹ̀ wọ òkùnkùn. Má sì fi aṣọ pupa dúró ti ògiri aláwọ̀ ewé. Tí àwọ̀ bá lọ tán, àwọn méjèèjì lè di eérú kan náà. Wọ̀ ọ́ ní funfun, kó dúró níwájú ògiri dúdú, kó o tún un yà.