Ẹ̀yìn Forklift Ń Gbéra Nílẹ̀: Ṣé Kí Èèyàn Jókòó Lé E?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Forklift (ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè) tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni mò ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àgbárá. Ọ̀gá wa ra irin gígùn tí a ń kì bọ fọ́ọ̀kì (irin méjì tó yọ síwájú ọkọ̀, tó fi ń gbé ẹrù) kó lè gùn sí i, kí n lè máa fi fa ìdì plywood jáde nínú kọ̀ǹténà. Ní báyìí, bí mo bá ti gbé ìdì kan, táyà ẹ̀yìn á fẹ́ kúrò nílẹ̀, sítíárì á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ní kí ọmọ iṣẹ́ kan máa jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kó lè wúwo. Ṣé kò léwu? (Awakọ̀, Àgbárá)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó léwu gan-an. Ní kí ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀ kó o tó ka èyí tó kù. Mo ti rí irú rẹ̀ ní yáàdì kan ní Àpápá: ẹrù yọ̀ lórí fọ́ọ̀kì, ẹ̀yìn ọkọ̀ já lulẹ̀ gbì, ẹni tó wà lórí ẹ̀ fò dà nù. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn síwájú ìjókòó rẹ. Wàá rí 3000 kg, wàá tún rí 500 mm. Ohun tó ń wí ni pé ọkọ̀ náà lè gbé 3000 kg bí àárín ẹrù kò bá jìnnà ju 500 mm lọ sí ìdí fọ́ọ̀kì, níbi tó ti tẹ̀ lọ sókè. Plywood gùn tó 2.4 mítà. Bó o bá ki fọ́ọ̀kì bọ abẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan, àárín rẹ̀ ti di 1200 mm sí ìdí fọ́ọ̀kì. Forklift dà bí jángílọ́fà tó jókòó lé táyà iwájú: bí ẹrù ṣe ń jìnnà sí i ló ń fa ẹ̀yìn sókè. Ká ní láti àárín táyà iwájú dé ìdí fọ́ọ̀kì jẹ́ 500 mm, nǹkan bí 1760 kg (3000 × 1000 ÷ 1700) ló kù tí ọkọ̀ rẹ lè gbé, a ò sì tíì yọ ìwúwo irin gígùn yẹn fúnra rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló sì ń darí forklift. Ìdí tí sítíárì fi fúyẹ́ nìyẹn.

N ò ní kẹ́ ẹ ju irin náà nù. Bí fọ́ọ̀kì yín bá gùn ní 1.2 mítà, irin náà kò gbọ́dọ̀ ju 1.8 mítà lọ, kí píìnì tó dè é mọ́ ìdí fọ́ọ̀kì sì wà níbẹ̀ gan-an. Èyí tí wẹ́dà fọwọ́ ara ẹ̀ jó, ẹ má lò ó rárá. Ẹ wọn ìdí fọ́ọ̀kì pẹ̀lú: èyí tó nípọn 40 mm nígbà tó wà ní tuntun, tó bá ti jẹ di 36 mm, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Máa de bẹ́líìtì. Bí ọkọ̀ bá ń dojú dé, má fò jáde, torí irin òrùlé rẹ̀ ló máa ń tẹ ẹni tó bá fò pa. Di sítíárì mú, kó o fara sí òdìkejì ibi tó ń wó sí.

Ní ti ọ̀gá, fi ìṣirò yìí hàn án pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, kí wọ́n fọwọ́ sí irin yẹn, kí wọ́n sì fún yín ní àkọlé tuntun tó sọ iye tí ọkọ̀ lè gbé bí irin bá wà lórí fọ́ọ̀kì. Títí ìyẹn á fi dé, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tú ìdì plywood sí kéékèèké nínú kọ̀ǹténà, kẹ́ ẹ fọwọ́ gbé e jáde.