X-ray ní ìbàdí bàbá ti ní "spondylosis": ṣé kí wọ́n fi oko sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 68 ni bàbá mi, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn lẹ́bàá Ìyàrà. Ìbàdí ń ro wọ́n, ẹsẹ̀ sì máa ń wúwo bí wọ́n bá rìn. Ìwé X-ray kọ "lumbar spondylosis". Ẹnìkan ní eegun wọn ti ń jẹrà. Ṣé kí wọ́n fi oko sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ọkun o. Eegun bàbá kò jẹrà. Ọjọ́ orí ló hàn lára ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, òun ni wọ́n ń pè ní "lumbar spondylosis". Eegun márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, dísìkì rírọ̀ tí omi kún inú rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, omi yẹn ń dín kù, dísìkì á fẹ́lẹ́, ẹrù tó yẹ kó gbé á wá bọ́ sórí àwọn oríkèé kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀, eegun tuntun á sì máa hù létí ti àtijọ́. Láàárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún, àti níbi tí ìkarùn-ún ti pàdé eegun ìdí, ló ti máa ń pọ̀ jù.

Ẹ má jẹ́ kí àwòrán nìkan já yín láyà. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2015 wo àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá: dísìkì ti ń gbó lára 37 nínú ọgọ́rùn-ún ẹni 20 ọdún, àti 96 nínú ọgọ́rùn-ún ẹni 80 ọdún.

Ẹsẹ̀ wíwúwo yẹn ló jẹ mí lógún jù. Bó bá ń lọ nígbà tí wọ́n bá jókòó tàbí tẹ̀ síwájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ihò tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá ló fún. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn dúró sójú kan ló ń lọ, láìjókòó, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn sí ẹsẹ̀ wò.

Kí wọ́n má fi oko sílẹ̀. Ebè kíkọ ló ń da ẹ̀yìn láàmú jù, nítorí pé wọ́n á tẹ̀ sórí ọkọ́ kúkúrú, wọ́n á tún máa lọ́ ìbàdí bí wọ́n ti ń da erùpẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ebè fún àwọn ọ̀dọ́. Bàbá lè fi ọkọ́ tí èèkù rẹ̀ gùn roko, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ yí gbogbo ara padà, kí wọ́n sì máa nàró rìn díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 30 kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣu, kí wọ́n tẹ orúnkún, kí ẹrù sún mọ́ ara, kí wọ́n sì pín in sí ọ̀nà méjì.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fa orúnkún kan mọ́ àyà, kí wọ́n kà dé 20, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ sí i, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bó ti wù kó ro tó, kí wọ́n má sùn sórí ibùsùn ju ọjọ́ méjì lọ.

Oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac, ẹ má pa á pọ̀, ẹ má sì rà á láìbi dókítà: wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, pàápàá fún àgbàlagbà.

Bí ìtọ̀ bá há, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, bí abẹ́ bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ì báà jẹ́ ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja. Bí wọ́n bá sì ń rù, tí ibà ń mú wọn, tàbí tí ìrora kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru, ẹ ní kí dókítà yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ próstéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) wò, torí méjèèjì máa ń wọ eegun ẹ̀yìn.