Ọmọ Tó Ń Pè Ẹ́ Ní Àǹtí

Ojú ìwé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ láti Iléṣà, ààwẹ̀ ló sì gba mẹ́ta nínú rẹ̀. O gba ọlọ́jọ́ 21 lẹ́ẹ̀mejì. O lọ sí Ìkéjì-Arákejì, níbi tí Ọlọ́run ti pe Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ní 1928 nígbà tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ní báyìí o fẹ́ kí n sọ sáàmù tí wàá máa kà, kí o lè mọ̀ dájú pé Ọlọ́run ti dárí "ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe" jì ẹ́, torí pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ́ jẹ díkónẹ́ẹ̀sì.

Àárín gbogbo ìyẹn ni o fi gbólóhùn kan há: "Ọmọ náà wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àǹtí ló ń pè mí, ó ní òun fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi nígbà Kérésì, mo ní ilé wa kò gbà á." Kíá, o ti padà sórí ààwẹ̀.

Ilé yín kò gbà á. Ojú ìwé kejì lẹ́tà yìí kan náà ni o ti kọ ọ́ pé o ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àdúrà, o sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó má baà jẹ́ pé ojú mi ló ṣì í. Yàrá wà. Ọmọ rẹ ni kò sí nínú rẹ̀.

Irú lẹ́tà yìí ti sú mi. Ẹni tó bá kọ ọ́ á máa sunkún ẹ̀ṣẹ̀, bí o bá sì wádìí ẹ̀ṣẹ̀ náà wò, wàá rí i pé ó ń lọ síléèwé, ó wà ní JSS 2, ó sì ń wọ bàtà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí o tó lóyún, o ti jẹ́wọ́ rẹ̀, ó tán. Ọmọ Ọbòkun ni ẹ́, o mọ bí àwọn òṣómàáló wa ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ láwìn, tí wọn kì í dìde títí owó wọn á fi pé. Bí o ṣe fi Ọlọ́run sípò òṣómàáló nìyẹn, o wá ń fi ààwẹ̀ san gbèsè fún un díẹ̀díẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ pé o jẹ ẹ́?

Ṣí Mátíù orí kìíní, ibi orúkọ rẹpẹtẹ tí gbogbo wa máa ń fò. Ní ẹsẹ kẹta, Júdà bí Pérésì àti Sérà, Támárì sì ni ìyá wọn. Bí o bá ti gbàgbé bí oyún yẹn ṣe dé, Jẹ́nẹ́sísì 38 wà níbẹ̀: opó ọmọ Júdà ni Támárì, ó fi aṣọ bojú, Júdà rò pé aṣẹ́wó ni. Ní ẹsẹ kẹfà, Dáfídì bí Sólómọ́nì, Mátíù kò sì dárúkọ ìyá ọmọ pàápàá. Ó ní ẹni tó ti jẹ́ aya Ùráyà rí. Ó lè fò wọ́n, ta ni ì bá bi í? Ó kọ wọ́n sínú ìwé ìdílé Jésù, ọmọ àtìyá, pẹ̀lú ìtìjú tó bí wọn. Oore-ọ̀fẹ́ tí o ń wá lórí òkè kiri nìyẹn. Ìwọ sì yọ orúkọ ọmọ tìẹ kúrò nínú ìwé.

Ní oṣù keje 1930, nígbà ìsọjí Babalọlá ní Òkè-Oòye, ní Iléṣà níbẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn gbé ère àti oògùn tó wà ní ìyẹ̀wù wọn jáde, wọ́n dáná sun ún. Má ṣì mí gbọ́ o, ọmọ kì í ṣe ère. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní ìyẹ̀wù ni wọ́n gbé síta. Ìwọ ń gbààwẹ̀ kí ti ìyẹ̀wù rẹ má baà jáde.

O ní ọkọ rẹ rò pé àbúrò rẹ ni. O tún ní èèyàn dáadáa ni ọkọ rẹ. Kí wá ni ẹ̀rù ń bà ẹ́ sí? Mo fura pé oyè díkónẹ́ẹ̀sì yẹn ni. Bí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n gbà á.

Màmá rẹ ni kí o kọ́kọ́ tọ̀ lọ, torí ó ti bá ẹ gbé irọ́ yìí fún ọdún 13, kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ, láìmú pásítọ̀ kankan dání. Bó bá bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Irọ́ ni o pa fún un. Kí ọ̀rọ̀ ti kúrò láàárín ẹ̀yin méjèèjì kí iléèwé tó gba ìsinmi gígùn.

Ọmọ náà ló kẹ́yìn, kì í sì í ṣe lórí fóònù. Wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kò jìnnà, àwọn ará àdúgbò kò sì yadi. Bó bá ní òun ti mọ̀ tipẹ́, má bi í pé ta ló sọ fún un.