Ọkàn tí mo fi ń ṣe zíkírì, ṣé ọpọlọ lásán ni?

Ìbéèrè: As-salāmu ‘alaykum, Àlùfáà wa. Ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Olùkọ́ wa kan sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀mí, pé ọpọlọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, àti pé ìbàlẹ̀ ọkàn tí a ń rí nínú ìjọsìn kò ju oje tí ọpọlọ ń tú jáde lọ. Àwọn tí a jọ ń ṣe zíkírì ní tiwọn sọ pé ọkàn ń ríran kọjá ibi tí ọpọlọ mọ. Wọ́n ń fi ìtàn àwọn tó kú ní ilé ìwòsàn tí wọ́n sì jí padà ṣe ẹ̀rí. Èmi náà máa ń rí ìmọ́lẹ̀ nígbà mìíràn nínú zíkírì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Wọ́n tún ń wá ẹni tí wọ́n máa lẹ wáyà mọ́ lórí níbi tó ti ń ṣe zíkírì, kí wọ́n lè wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé mo lè gbà fún wọn?

Ìdáhùn: Wa ‘alaykumu s-salām wa rahmatullāh. Ọpẹ́ ni fún Allāhu, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ọmọbìnrin mi, o ṣeun tí o béèrè. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn jù sílẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ó sì ń dùn mí púpọ̀.

Kí a kọ́kọ́ fún olùkọ́ rẹ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọpọlọ lọ́wọ́ nínú ìwà àti ìrònú ènìyàn. Ní ọdún 1848, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá irin gún orí òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ń jẹ́ Phineas Gage ní àgúnyọ. Kò kú, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ní kì í ṣe Gage tí àwọn mọ̀ mọ́. Èyí kò gbọ́dọ̀ ya Mùsùlùmí lẹ́nu. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāhu máa bá a) ti sọ pé a gbé kálàmù tí a fi ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá sílẹ̀ kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti wèrè títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Ẹ̀sìn tó so ọ̀ranyàn mọ́ làákàyè kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ẹni tó ń wádìí ọpọlọ.

Ibi tí olùkọ́ rẹ ti kọjá àyè rẹ̀ ni ibi tó ti sọ pé kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀rọ kankan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé nígbà tí èrò báyìí wáyé, apá ọpọlọ báyìí ṣiṣẹ́. Pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ kò sọ wọ́n di ọ̀kan. Imām al-Ghazālī, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn wa láyé àtijọ́, fi eèrà ṣe àpèjúwe: eèrà ń rìn lórí ìwé, ó rí i tí tàdáà ń tàn, ó ní kálàmù ló ń ṣe é. Ohun tó rí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ga dé ọwọ́ tó di kálàmù mú, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ni ọwọ́.

Àwọn onímọ̀ tó ń bá ara wọn sọ òtítọ́ mọ ààlà yìí. Ní 1998, Christof Koch, onímọ̀ ọpọlọ, bá David Chalmers, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ta tẹ́tẹ́ pé kí ọdún 25 tó pé, a ó ti rí i kedere nínú ọpọlọ ohun tó ń mú kí ènìyàn mọ̀ pé òun wà. (Tẹ́tẹ́ kò tọ́ fún wa, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o gbọ́.) Ní 2023, Koch fúnra rẹ̀ gbà ní gbangba pé òun kò borí.

Nígbà tí wọ́n bi Ànábì wa léèrè nípa ẹ̀mí, Allāhu pàṣẹ pé kó dáhùn pé ẹ̀mí ń bẹ nínú àṣẹ Olúwa òun, “A kò sì fún yín nínú ìmọ̀ bí kò ṣe díẹ̀” (al-Isrā’, 85). Āyah yìí kò ní kí a má wádìí ọpọlọ. Bí wọ́n bá sì rí ohun tuntun lọ́la, kò sí ohun tó máa yẹ̀ lára ìgbàgbọ́ wa, nítorí a kò fi àìmọ̀ àwọn onímọ̀ ṣe òpó rẹ̀.

Àwọn tí ẹ jọ ń ṣe zíkírì gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ti gbọ́ pé ìmọ̀ ọpọlọ ní ààlà, wọ́n wá rò pé ohunkóhun tó bá ti wù wọ́n ni wọ́n lè kó sí ẹ̀yìn ààlà náà. Ìrírí àwọn aláìsàn yẹn wà lóòótọ́. Ní 2001, àwọn dókítà ní Netherlands tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú aláìsàn 344 tí àyà wọn dáwọ́ lílù dúró tí wọ́n sì dóòlà wọn, 62 ló ròyìn irú rẹ̀. Nínú ìwádìí mìíràn tí dókítà Sam Parnia ṣáájú, tó jáde ní 2014, wọ́n gbé àwòrán sórí pẹpẹ gíga nínú yàrá ilé ìwòsàn, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń wò láti òkè nìkan ló lè rí i. Kò sí aláìsàn kan tó sọ ohun tó wà nínú àwòrán náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò sí ní yàrá tí pẹpẹ náà wà. Ìwádìí náà kò fi ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sọ múlẹ̀, kò sì wó o.

N kò pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn aláìsàn tó jí padà yẹn kò tíì kú. Ẹni tó kú tó ní kí Olúwa òun dá òun padà, “Rárá” ni èsì rẹ̀, gàgá sì ń bẹ níwájú wọn títí di ọjọ́ àjíǹde (al-Mu’minūn, 99 sí 100). Lójú tèmi, ipò wọn sún mọ́ ti olóorun, tí Allāhu ń gba ẹ̀mí rẹ̀ tí Ó sì ń tú u sílẹ̀ títí di gbèdéke àkókò kan (az-Zumar, 42). Má fi ìtàn wọn ṣe ìpìlẹ̀ ìmọ̀nà rẹ.

Ìmọ́lẹ̀ tí ìwọ náà ń rí, má lé e, má sì máa ròyìn rẹ̀ kiri. Ànábì wa kọ́ wa pé oríṣi mẹ́ta ni àlá: ìró ìdùnnú láti ọ̀dọ̀ Allāhu, ìbànújẹ́ láti ọ̀dọ̀ Èṣù, àti ohun tí ọkàn ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Bí àlá bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó ti wí nípa ìmọ́lẹ̀ tó kọjá lójú ẹni tó ti rẹ̀? Junayd ti Baghdad, àgbà nínú àwọn Súfí, sọ pé Àlùkùránì àti Sunna ni wọ́n fi de ìmọ̀ àwọn. Ẹni tó bá ní ohun tí òun rí nínú zíkírì yọ̀ǹda fún òun láti fi ìrun sílẹ̀, tàbí tó ń fi í sọ ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa wò ni bí ahọ́n rẹ àti ìwà rẹ ṣe rí lẹ́yìn tí o bá dìde níbi zíkírì. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá sì ń bá orí fífọ́, òòyì tàbí dídákú wá, lọ rí dókítà kíákíá. Wárápá náà lè fi ìmọ́lẹ̀ han ènìyàn, Ànábì sì ti pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn.

Ní ti wáyà, mo rí i pé ó tọ́, bí àníyàn rẹ bá mọ́. Ní 2006, ní Montreal ní Kánádà, Mario Beauregard, onímọ̀ ọpọlọ, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ sísítà ìjọ Kátólíìkì 15 wò. Àwọn obìnrin náà ní ènìyàn kò lè pe Ọlọ́run wá nígbà tó bá wù ú, ni àwọn olùwádìí bá ní kí wọ́n rántí ìgbà tí wọ́n sún mọ́ Ọn jù. Apá ọpọlọ púpọ̀ ló ṣiṣẹ́. Wọn kò rí ojúkò kan ṣoṣo nínú ọpọlọ tó ń dá ṣe é. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ bóyá Allāhu gbọ́ ọ tàbí kò gbọ́ ọ, kò sì yẹ kí o tìtorí èyí lọ. Bí wọ́n bá ní kí o kàn máa pe orúkọ Allāhu lẹ́nu láìní ìtumọ̀ sí ọ, kọ̀ fún wọn. Má ṣe gbà kí wọ́n fi ìrun ọ̀ranyàn ṣe ìdánwò. Béèrè kí obìnrin ló so wáyà náà, níbi tí ọkùnrin kò ti ní rí irun rẹ. Wáyà kò ba àlùwàlá jẹ́, ṣùgbọ́n fọ ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kúrò kí o tó tún àlùwàlá ṣe, kí omi lè kan orí rẹ.

Wallāhu a‘lam.