Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí a ṣe ń kan sáárá sí òṣìṣẹ́ nígbà tówó ò pọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Gáà-Akanbí, Ìlọrin. Àwa àtàwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ni. Owó ìyẹ̀fun ò jẹ́ kí n lè fi kún owó oṣù wọn lọ́dún yìí, mo sì ń rí i pé ọwọ́ wọn ti ń dẹ̀. Kí ni mo lè ṣe tí ò ní gbówó lórí? — Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá, ẹ kú àforítì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ òun lọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe dáadáa. "Ẹ ṣeun o, gbogbo yín ń gbìyànjú" kò kan ẹnikẹ́ni lára. Ẹ dárúkọ ẹni náà, ẹ sọ ohun tó ṣe, ẹ sọ ohun tó tìdí ẹ̀ yọ, kí ẹ sì dákẹ́: "Àlàbí, o jọ ìyẹ̀fun dáadáa lánàá kí o tó pò ó. Oníbàárà kankan ò dá búrẹ́dì padà láàárọ̀ yìí. O ṣeun."

"Ṣùgbọ́n" ló máa ń bà á jẹ́. Tí ẹ bá fi "ṣùgbọ́n o pẹ́ dé" tì í lẹ́yìn, ìbáwí yẹn nìkan ló máa gbé relé. Ẹ má sì fi iṣẹ́ mìíràn lé e lórí lójú ẹsẹ̀; tí ìyìn bá ti ń bí ẹrù, wọn á máa sá fún un. Ọjọ́ náà ni kí ẹ sọ ọ́, tó bá pẹ́ jù, ọjọ́ kejì.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Déètì, orúkọ, ohun tó ṣe. Ẹnì kan lójúmọ́ ti tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ ta ni kò sí níbẹ̀? Ẹni tó ń fọ pánù ni lọ́pọ̀ ìgbà, torí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló máa ń wà. Ẹ lọ dúró tì í fún ìdajì wákàtí. Ẹ ó rí i bó ṣe ń fi èékánná ha igun pánù níbi tí akísà ò dé, tó ń fi òróró pa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí búrẹ́dì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ẹ máa kọ nìyẹn.

Oríkì náà tún wà níbẹ̀, ìṣura tó wà nílẹ̀ láìná owó. Ẹni tí wọ́n bá kì láàárọ̀, orí ẹ̀ á wú. Ẹ bi kálukú ní oríkì ilé bàbá rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yẹn. Ẹ má méfò o. Kí a ki ọmọ Ìgbómìnà ní oríkì ilé ẹlòmíràn burú ju kí a má kì í rárá.

Lẹ́yìn èyí, àkókò. Ẹ lẹ ètò iṣẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí kálukú mọ ọjọ́ ẹ̀. Nínú Ramadan, tí àwọn ọmọ ìjọ bá gbà láti ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí lè délé ṣínu, kí àwọn náà dúró fún wọn nígbà Kérésì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ìsinmi ọdọọdún ní ẹ̀bùn: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó rẹ̀ ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún un.

Àpò ìyẹ̀fun oní-50 kílò tó ti ṣófo náà ní ẹni tó ń rà á. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹnì kan máa ka iye rẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́, kí wọ́n tà á níparí oṣù, kí wọ́n pín owó rẹ̀ dọ́gba. Tí ẹ bá sì máa fún wọn ní búrẹ́dì, kó jẹ́ èyí tí ẹ lè tà. Èyí tó jóná kì í ṣe ẹ̀bùn.

Lóṣooṣù ni mo máa ń lẹ àwòrán olùkọ́ tó pegedé jù lọ mọ́ ògiri. Olùkọ́ ìṣirò ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léra. Àwọn mẹ́tàlá yòókù ò fi bẹ́ẹ̀ kí i mọ́. Kí ló dé? — Ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀ffà

Ìjakadì lorò Ọ̀ffà, ṣùgbọ́n lójú agbo ìjakadì, gbogbo ènìyàn ló rí ẹni tó fẹ̀yìn balẹ̀. Níbi tiyín, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí ẹ ṣe mú un. Ẹnì kan borí, àwọn mẹ́tàlá ṣubú, oṣù dé oṣù. Ẹ já àwòrán náà kúrò.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún gbogbo wọn kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀: àmì-ẹ̀yẹ wà fún gbogbo ẹni tó bá máa ń dá ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí kíláàsì rẹ̀ kò sì ṣófo rí. Bí àwọn mẹ́rìnlá bá dé ibẹ̀, kí mẹ́rìnlá gbà á. Lẹ́tà ni kí ẹ fi ṣe é: ìwé tó ní orúkọ ilé ìwé lórí, déètì, ohun tí olùkọ́ náà ṣe gan-an, ìbuwọ́lùwé yín àti òǹtẹ̀. Ẹ̀dà kan nínú fáìlì, ọ̀kan fún un. Bí lẹ́tà mẹ́rìnlá bá jọra lọ́rọ̀, ẹ ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, torí wọ́n á fi wéra.

Mo máa ń gé ₦500 lówó ẹni tó bá pẹ́ dé ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà wa. Mo fẹ́ máa fi owó náà ra ẹ̀bùn fún àwọn tó ń tètè dé. Ṣó dáa? — Máníjà, Òmù-Àrán

Rárá o, ọ̀gá. Ẹ̀ka 5 nínú Òfin Iṣẹ́ kò gbà kí a gé owó òṣìṣẹ́ bí owó ìtanràn. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ̀ ń jẹ́ kí ẹnì kan máa yọ̀ nígbà tí èkejì bá pẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń pẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń rí ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ pé kí ẹ sún aago 7 sí 7:30 ló máa tán an. Ẹni tó bá sì tètè dé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kó kọ́kọ́ mú ọjọ́ ìsinmi tó wù ú lórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ san owó oṣù lọ́jọ́ tí ẹ dá. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì dá ọjọ́ mìíràn. Lóṣù tówó ò tíì wọlé, ẹ má ṣe àpéjẹ, ẹ má pín àmì-ẹ̀yẹ. Ṣe ló máa bí wọn nínú.

Ọmọṣẹ́ mi kan máa ń bojú tí mo bá yìn ín láàárín èrò. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni? — Télọ̀, Ìlọrin

Ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ mú aṣọ tó rán dání, ẹ fi ìka tọ ojú rírán tó dára níbẹ̀, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́ ohun tó wù yín nínú rẹ̀. Kí oníbàárà tó wá gbé aṣọ náà tó lọ, ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó rán an.