Tráká Tó Dákẹ́: Ṣé Awakọ̀ Ló Ń Yọ Wáyà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Micra mẹ́ta ni mo ní, àwọn awakọ̀ ń fi wọ́n ná Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ sí Owódé ní Ọ̀yọ́. Mo fi tráká, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn lórí fóònù, sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ti dákẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Èkejì a máa sọnù lórí fóònù mi láràárọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta ń fi hàn pé ọkọ̀ ń rìn lóru, nígbà tó sì wà lábẹ́ páànù nínú ọgbà mi. Ẹni tó bá mi so wọ́n ní awakọ̀ ló ń yọ wáyà. Báwo ni mo ṣe lè mọ òótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fẹ̀sùn kan awakọ̀ kankan. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Tráká kì í sábà kú láìsọ ohun tó pa á. Àwa la kì í wo ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó dákẹ́. Ẹ ṣí ibi tí áàpù ń kó ìrìn ọkọ̀ pa mọ́ sí, kí ẹ lọ sí ìlà tó gbẹ̀yìn ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi máàpù sílẹ̀ ná. Ẹ wo aago, fóltì bátìrì ọkọ̀, fóltì bátìrì kékeré tó wà nínú tráká fúnra rẹ̀, àti agbára nẹ́tíwọọ̀kì. Bí fóltì ọkọ̀ bá wà ní 12.4 tàbí 13.9, tí nẹ́tíwọọ̀kì dára, tí ohun gbogbo wá dákẹ́ lójijì, síìmù inú tráká ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí tráká bá kọ́kọ́ ké pé iná já, tó wá ń sọ̀rọ̀ lọ fún wákàtí bíi mélòó kan nígbà tí bátìrì inú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti 4.1 sí 3.9 sí 3.6, a jẹ́ pé wáyà ti já tàbí fíùsì ti jó. Bí fóltì ọkọ̀ bá sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 12.2 lónìí, 11.7 lọ́la, 11.0 lọ́túnla, bátìrì ọkọ̀ ló ń kú lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí nọ́ńbà síìmù tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tráká ìdílé GT06 ń dáhùn sí STATUS#. Àwọn tráká Coban ń dáhùn sí check123456, 123456 yẹn sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí òun náà ló ṣì wà lórí tiyín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, torí bí wọ́n bá so ohun tó ń pa epo mọ́ tráká, ẹni tó bá mọ nọ́ńbà síìmù náà lè pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín láti orí ibùsùn rẹ̀. Nínú èsì GT06, “GPRS: Link Up” túmọ̀ sí pé tráká wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ “Link Down”, dátà ti tán tàbí APN, àdírẹ́ẹ̀sì tí síìmù fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kò tọ̀nà. Ti MTN ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com, àmì ìdánudúró (.) kan péré tó bá yẹ̀ níbẹ̀ ti tó láti dá iṣẹ́ dúró. Coban ń fi nọ́ńbà sọ agbára nẹ́tíwọọ̀kì, láti 0 dé 31. Tó bá ti kọjá 15, ó dára. Tí kò bá tó 10, tráká ń jìjàdù ni.

Tí àtẹ̀jíṣẹ́ yín bá wọlé ṣùgbọ́n tí èsì kò wá, ẹ wò ó bóyá owó tán lórí síìmù náà, nítorí tráká ń ná owó kí ó tó lè fèsì. Tí kò bá wọlé rárá, tráká ti kú, ó wà níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì kò sí, tàbí wọ́n ti gé láìnì náà. Láìnì tí kò bá náwó kankan fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì lè gé e, ti tráká ò sì yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ ń ra dátà rẹpẹtẹ fún tráká lásán. Tó bá ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30 fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ẹgbẹ̀fà iṣẹ́ ló rán, wọn kò sì tóbi. 100MB á tó o lóṣù, á tún ṣẹ́kù. Ọjọ́ tí dátà máa kú ló ń mú wọn, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ fún síìmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un rà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ yọ síìmù náà sínú fóònù láti tẹ *323# wo dátà tó kù, ẹ kọ́kọ́ pa dátà fóònù yẹn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, WhatsApp àti àwọn áàpù yòókù á jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó rí èsì.

Ọkọ̀ kejì, èyí tó ń sọnù láràárọ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín onímọ́tò àti awakọ̀. Ọ̀pọ̀ tráká ń fẹ́ fóltì 9 ó kéré tán. Nígbà tí awakọ̀ bá kíìkì ọkọ̀ láàárọ̀, iná bátìrì á já wálẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Bátìrì tó lágbára á dúró ní nǹkan bíi 10, èyí tó ti rẹ̀ á já sí 8. Bátìrì kékeré inú tráká ló yẹ kó gbà á mú ní àkókò yẹn. Tí òun náà bá ti kú, tráká á pa, á tún ara rẹ̀ tàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nẹ́tíwọọ̀kì àti sátẹ́láìtì látìbẹ̀rẹ̀. Ní gbangba, kò ní pẹ́. Lábẹ́ páànù, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ pe rẹwáyà tó ní mítà. Kí ó fi ẹnu pupa mítà sí ojú ibi tí wáyà pupa tráká ti so mọ́ iná, ẹnu dúdú sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹlòmíràn wá kíìkì. Tí ó bá já kọjá 9, ẹ tọ́jú bátìrì ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ó wọn àárín wáyà dúdú tráká àti nẹ́gétíìfù bátìrì: kò yẹ kó kọjá fóltì 0.2. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ tú bóòtù tí wọ́n de wáyà dúdú mọ́. Ẹ ó rí i pé orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́, tàbí ìpẹtà ti bo ojú irin. Kí wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin á fi máa dán, kí wọ́n tó tún un dè. Wáyà tí wọ́n kàn lọ́ mọ́ra tí wọ́n sì fi téèpù wé kì í pẹ́ lójú ọ̀nà wa. Kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀ ló dáa.

Láti mọ̀ bóyá bátìrì inú tráká ṣì wà láàyè, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ yọ fíùsì tráká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ìkìlọ̀ pé iná já bá wọlé sórí fóònù yín, tí tráká sì ń bá iṣẹ́ lọ, ó dára. Tó bá dákẹ́ kíákíá, bátìrì náà ti kú, olè lè gé wáyà yín láìsí pé ẹ gbọ́ nǹkan kan. Oòrùn tó ń gbóná sí abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ló ń sáré pa á, nígbà mìíràn á wú bí ẹ̀wà tí a rẹ. Èyí tó bá ti wú, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má gún un, ẹ má tún un chárjì.

Ẹ̀kẹta kò le. Tráká nílò sátẹ́láìtì mẹ́rin kó tó mọ ibi tó wà, páànù sì ń dí wọn, ògiri ń da àmì wọn padà, ibi tó rò pé òun wà á wá máa yí. Ẹ wo ìlà òru náà: tí ìyára bá jẹ́ kìlómítà 3 sí 6 ní wákàtí, tí sátẹ́láìtì kò ju 4 tàbí 5 lọ, tí fóltì sì wà ní 12 àti díẹ̀, ọkọ̀ wà lójú kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbé fóltì dé 13.5 sí 14.4. Tí ẹ bá rí èyí lóru, a jẹ́ pé ẹnì kan tan ọkọ̀ lóòótọ́. Fóltì ni ẹlẹ́rìí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju máàpù lọ. Ẹ jẹ́ kí rẹwáyà yí ojú tráká sókè, lábẹ́ rọ́bà, kí irin má bò ó.

Tí wọ́n bá so rílè tó ń pa epo mọ́ ọn, ẹ bi wọ́n pé ẹsẹ̀ rílè wo, ibi tí wáyà ń wọ̀ lára rẹ̀, ni wọ́n lò. Ẹsẹ̀ 30 àti 87a ló tọ́, nítorí tí tráká bá kú, ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Tó bá jẹ́ 30 àti 87, ọjọ́ tí tráká bá kú, ọkọ̀ á kú pẹ̀lú èrò nínú. Ẹ má sì ṣe pa ọkọ̀ tó ń sáré láéláé.

Ní ti ẹ̀sùn awakọ̀, nígbà tí rẹwáyà bá parí, ẹ kun kùtẹ́ẹ̀sì sí ojú ibi tí wáyà ti so àti orí fíùsì tráká, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tí tráká bá tún dákẹ́, kí ẹ̀yin àti awakọ̀ jọ ṣí i wò. Kùtẹ́ẹ̀sì tó sán ń sọ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Tí kò bá sán, ẹ padà sórí síìmù.